Ṣé ẹ̀rọ ìkàwé tó fúyẹ́ sàn ju fóònù lọ fún ìwé kíkà ojoojúmọ́?

Ó sàn jù ú lọ dáadáa, pàápàá níbi tí iná kì í dúró. Kindle kékeré, ẹ̀rọ ìkàwé ilé-iṣẹ́ Amazon tó jáde ní 2022, kò ju gíráàmù 158 lọ. Mo máa ń fi ọwọ́ kan di tèmi mú nínú bọ́ọ̀sì láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù, ọwọ́ kejì á wà lórí báàgì.

Ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti fóònù. Èérún dúdú àti funfun tín-ín-tín ló kún inú rẹ̀. Iná bátìrì á sún wọn kí lẹ́tà lè hàn, lẹ́yìn náà wọ́n á dúró síbẹ̀ láìjẹ iná mọ́, àfi tí ẹ bá ṣí ojú ewé mìíràn. Ìdí nìyẹn tó fi ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó tún gba iná sí i. Lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan, lẹ́tà rẹ̀ á ṣì máa hàn kedere.

Fáìlì PDF, tí ìtò ojú ewé rẹ̀ kì í yí padà, ló máa ń fìyà jẹni: lójú ínǹṣì 6, lẹ́tà á kéré bí èèrà. EPUB, irú fáìlì ìwé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń tún ara rẹ̀ tò bá ojú ẹ̀rọ mu, ni kí ẹ wá. Kobo, ẹ̀rọ ìkàwé mìíràn, ń kà á tààrà. Ti Kindle, ẹ fi Send to Kindle, ọ̀nà tí Amazon ṣe fún fífi ìwé ránṣẹ́, fi í ránṣẹ́ sí i.

Ẹ̀yin tó ń ka Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) wò. Lórí tèmi, àmì ohùn orí “ọ̀” kọ́kọ́ ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo da fọ́ǹtì Noto Serif sínú fódà “fonts” tó wà nínú Kindle mi, gbogbo rẹ̀ sì jókòó síbi tó yẹ.