Ọ̀wẹ̀ wa hú igi mọ́ koríko: kí la óò ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni a wà. Àwa ọ̀dọ́ méjìlá la para pọ̀ gbin igi ìbílẹ̀ sí ilẹ̀ kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò wa: ìrókò, akòko, àgbálùmọ̀ àti iyeyè. Bí òjò ṣe dé ni koríko gba gbogbo ibẹ̀. A bẹ ọ̀wẹ̀ ní Sátidé tó kọjá, ilẹ̀ mọ́ tónítóní, àmọ́ ìdajì igi wa ló bá koríko lọ. Àwọn ìrókò tó kù tún ti ń yọ kókó lára ewé. Ṣé ká ra oògùn apakoríko ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má rà á. Èyí tí wọ́n sábà ń tà lọ́jà kò mọ ìrókò yàtọ̀ sí koríko ẹ̀kan.

Oko àgbàdo la mọ ọ̀wẹ̀ sí, níbi tí ẹni tó bá kọ́kọ́ ro poro tirẹ̀ tán ti ń gbayì. Àgbàdo ń bẹ lórí ebè, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Igi kékeré kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrókò ọmọdé máa ń tan àgbàlagbà pàápàá jẹ: etí ewé rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ bíi ti ayùn, ó sì ń ha ni lọ́wọ́, kò jọ ewé ìrókò ńlá rárá. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ já ewé kan. Ìrókò àti àgbálùmọ̀ á ṣe oje funfun.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹni méjì tó dá igi mọ̀ ṣáájú, kí wọ́n ri ọ̀pá mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọn. Ibi tí apá gùn dé yí igi ká, ọwọ́ ni kí ẹ fi tu koríko ibẹ̀. Ọkọ́ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ewé Akíntọ́lá, ẹ fà á tu tòun ti gbòǹgbò nísinsìnyí tí ilẹ̀ rọ̀, torí bí ẹ bá ṣán an, kùkùté rẹ̀ á tún rú, tí ọyẹ́ bá sì dé, á di ohun tí iná ń jó. Ẹ̀kan ló le jù. Ọkọ́ ń gé gbòǹgbò rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń hù. Ẹ wà á jinlẹ̀, kí ẹ sá a sóòrùn títí á fi gbẹ. Koríko yòókù, ẹ fi bo ìdí igi, kó jìnnà sí ara igi ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ikán má baà rọ́nà gùn ún.

Kókó ara ìrókò, kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma ló fà á. Ọmọ rẹ̀ ń gbé inú ewé tuntun, ewé á wú. Tí kókó náà bá là, á jẹrà, ọ̀mùnú igi á sì kú. Ẹ gé ewé náà kó tó là, kí ẹ sun ún. Bí ẹ bá tún máa gbin ìrókò, ẹ má tò ó bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń to ọmọ. Ẹ fọ́n ọn ká sáàárín igi mìíràn, kó rí ìbòòji díẹ̀. Ẹ gé ẹ̀ka akòko tàbí iyeyè, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní àkókò òjò yìí, á hù. (Iyeyè tí ẹ kà mọ́ igi ìbílẹ̀ yẹn, Amẹ́ríkà ló ti wá. Ó ti pẹ́ láàárín wa, èmi ò ní lé e.)

Láti 1985 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ya ọjọ́ 1 oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Mo fẹ́ràn ọjọ́ náà, àmọ́ àwọn igi tí mo rí tí wọ́n gbìn lọ́jọ́ yẹn tí wọ́n kú sínú koríko kò lóǹkà. Ẹ̀yin méjìlá, ẹ pín ara yín sí mẹ́rin-mẹ́rin, kí ìpín kan máa lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ sì gbin àwọn igi tí ẹ óò fi rọ́pò èyí tó kú tán kí oṣù keje tó parí, torí òjò máa ń dá díẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní oṣù kẹjọ.

Àwọn tí ọkọ́ kàn gé, tí gbòǹgbò wọn ṣì wà nílẹ̀, ẹ má tíì gbin nǹkan kan sí ojú ibẹ̀. Akòko máa ń rú padà. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ná.