Káàdì HMO tó ń sùn nínú dúrọ́ọ̀

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé lọ́dún kan tí ibi iṣẹ́ wa ti fún mi ní káàdì HMO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa sanwó ọsibítù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ibà ti dá mi dùbúlẹ̀, owó àpò mi ni mo fi ra oògùn, torí ọsibítù tí wọ́n kọ fún mi jìnnà. Kí ni mo fẹ́ fi káàdì yìí ṣe? — Akọ̀wé, Ìbàdàn

Bẹ́ ẹ lọ sí ọsibítù, bẹ́ ẹ ò lọ, owó ọdún yìí ti kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá yín. Ohun tẹ́ ẹ ò bá lò kì í sábà wọ ọdún tó ń bọ̀.

Ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, kí wọ́n fi orúkọ àwọn ọsibítù tó wà lórí ètò yín ránṣẹ́. Èyí tó sún mọ́ ilé ni kẹ́ ẹ mú, kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì. Òru Sátidé ni ara ọmọ sábà máa ń gbóná. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ fẹsẹ̀ yín débẹ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń gba káàdì yẹn. Tí HMO bá jẹ ọsibítù lówó, ọsibítù á dáwọ́ dúró, orúkọ rẹ̀ á sì ṣì wà lórí ìwé.

Kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tí HMO fi ń gbà pé òun máa sanwó ìtọ́jú, ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ dọ̀sán. Dókítà ní kẹ́ ẹ lọ ya fọ́tò inú, tàbí kẹ́ ẹ rí dókítà àgbà: ọsibítù gbọ́dọ̀ gba kóòdù lọ́wọ́ HMO kó tó dá yín lóhùn. Ẹ má fi sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì nìkan. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ pè wọ́n, ẹ dárúkọ ara yín, nọ́ńbà káàdì, ọsibítù, àti ohun tí dókítà kọ. Tẹ́ ẹ bá sanwó kẹ́ ẹ tó pè, àtirí owó yẹn gbà padà le gan-an.

Ẹ tún gba ìwé ètò yín lọ́wọ́ àwọn HR, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n kọ awò ojú, eyín, àti àyẹ̀wò ara ọdọọdún sí. Àwọn yìí làwọn èèyàn ń gbàgbé jù. Tí ìyàwó bá sì bímọ, ẹ fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá gba ìwé ìbí rẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ibi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún wa? — Ìyá Ìbejì, Ìkẹjà

Òótọ́ ni, mà. Ó wà nínú òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014: iye tí wọ́n máa san tí òṣìṣẹ́ bá kú ò gbọ́dọ̀ dín sí ìlọ́po 3 gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún. Ẹni tó ń gba ₦150,000 lóṣù, ₦5,400,000 ni. Kọ́bọ̀ kan ò gbọ́dọ̀ jáde lára owó oṣù yín. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni fọ́ọ̀mù ọjọ́ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́, èyí tẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa gba owó náà sí: orúkọ bàbá tó ti kú, tàbí ti àfẹ́sọ́nà àtijọ́, ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹ lọ yí i padà, kẹ́ ẹ sì sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà fẹ́ni tó wà nílé.

Wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó oṣù mi. Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó ń débẹ̀? — Dírẹ́bà, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣe àròpọ̀ owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. Tó bá jẹ́ ₦100,000, ₦8,000 ni tiyín, ₦10,000 ni ti ọ̀gá: ₦18,000 ló yẹ kó wọlé, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tẹ́ ẹ gba owó oṣù. Ẹ ní kí àwọn tó ń tọ́jú owó náà tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ tọ́ka oṣù kọ̀ọ̀kan. Oṣù tí ẹ ò bá rí, ẹ mú sílíìpù owó oṣù náà lọ bá àwọn HR.