Ìwé ọgbọ́n poker: èwo ni kí n rà, báwo ni kí n sì ṣe kà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń ta poker, Texas Hold'em irú ti No-Limit, èyí tí kò ní òdiwọ̀n sí iye tí ènìyàn lè fi sílẹ̀. Orí tábìlì owó ni mo ti ń ta á, n kì í wọ ìdíje. Mo ti ra ìwé mẹ́rin lórí ọgbọ́n eré náà, mo sì ti ka méjì parí, síbẹ̀ n kò rí ìyàtọ̀ kankan nínú bí mo ṣe ń ta. Ohun tó tún ń dà mí láàmú ni pé ohun tí ìwé kan ní kí n ṣe ni èkejì ní kí n má ṣe. Báwo ni mo ṣe lè mọ ìwé tó yẹ mí, báwo sì ni kí n ṣe kà á tí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ yóò fi wọ̀ mí lára?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, pàápàá tí ẹ jẹ́wọ́ pé ẹ kò tíì parí méjì nínú mẹ́rin, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í sọ ìyẹn títí mo fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní ohun tó wà nínú ìwé. Kí ẹ tó ra ìkarùn-ún, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn tó wà nílẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn méjì tí ẹ rò pé wọ́n ń ta ko ara wọn má máa sọ̀rọ̀ nípa eré kan náà rárá. Bí ẹnì kan bá ń júwe ọ̀nà ọjà, tí ẹlòmíràn sì ń júwe ọ̀nà odò, a kò lè pe ọ̀kan nínú wọn ní òpùrọ́ torí pé ọ̀kan ní kí a yà sọ́tùn-ún, tí èkejì ní kí a yà sósì.

Orúkọ ìdílé ni poker, kì í ṣe orúkọ ọmọ kan ṣoṣo. Nínú Limit, iye tí ènìyàn lè fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní òdiwọ̀n, nítorí náà owó tí a ó san láti rí káàdì tó kàn sábà máa ń kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti wà láàárín tábìlì, ó sì máa ń tọ́ nígbà púpọ̀ pé kí a máa bá a lọ pẹ̀lú káàdì tí kò tíì jinná. Nínú No-Limit tí ẹ̀ ń ta, àṣìṣe ẹyọ kan lè kó gbogbo ohun tó wà níwájú yín lọ, ìmọ̀ràn kan náà sì lè di májèlé. Iye ènìyàn tó jókòó tún ní tirẹ̀ láti sọ: bí àwọn tí yóò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yín bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rọrùn tó kí ọ̀kan nínú wọn ti gba káàdì tó lágbára, ìdí nìyẹn tí ìwé tí a kọ fún tábìlì ènìyàn mẹ́sàn-án fi máa ń béèrè sùúrù ju èyí tí a kọ fún ènìyàn mẹ́fà lọ.

Ìyàtọ̀ tó ti ṣe èmi fúnra mi ní jàǹbá jù ni èyí tó wà láàárín ìdíje àti tábìlì owó. Dan Harrington, ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbà ní World Series of Poker ní 1995, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé rẹ̀ lórí Hold'em jáde ní ìpín-ìpín láti 2004, ìwé náà ló sì sọ ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní M di ohun tí gbogbo ọ̀tayò mọ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ ó kó owó túláàsì pọ̀, ìyẹn èyí tí àwọn kan gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí wọ́n tó rí káàdì wọn, ẹ ó sì fi pín ohun tó wà níwájú yín. Bí owó túláàsì bá jẹ́ ẹyọ 100 àti ẹyọ 200, tí ẹ sì ní ẹyọ 2,400, M yín jẹ́ 8: ìyípo tábìlì mẹ́jọ péré ni ẹ lè fara dà bí ẹ kò bá ta nǹkan kan. Níwọ̀n bí owó túláàsì ti ń ga sí i nínú ìdíje, ẹni tí M rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kò ní àkókò láti dúró de káàdì dáadáa, ó gbọ́dọ̀ fi ìgboyà kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí àwọn mìíràn ti lè sá. Èmi gbé ìmọ̀ràn yẹn lọ sórí tábìlì owó, níbi tí owó túláàsì kì í ti í ga láéláé, tí ènìyàn sì lè fi owó kún tirẹ̀ nígbà tó bá fẹ́. Mo ń kó gbogbo ẹyọ mi wọlé pẹ̀lú A àti 9 bí ẹni tí aago ń lé, kìkì àwọn tó ní káàdì tó ju tèmi lọ ló sì ń dá mi lóhùn. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bú ìwé náà kí n tó tún àkòrí rẹ̀ kà dáadáa.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ mú bébà kékeré, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sí iwájú ìwé kọ̀ọ̀kan: irú poker tó ń sọ, bóyá ti ìdíje ni tàbí ti tábìlì owó, iye ènìyàn tó wà lórí tábìlì, àti ọdún tí a tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìdajì ìjà tí ẹ ń rí yóò parí lórí bébà yẹn.

Ọdún ìtẹ̀jáde yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, torí àwọn ènìyàn máa ń ṣì í lò. Ìwé kò di àlòkù nítorí pé ó pẹ́. Káàdì 52 ṣì ni káàdì 52, ọ̀nà 1,326 tí a lè gbà fún ènìyàn ní káàdì méjì àkọ́kọ́ kò lè dín, kò sì lè lé. Ohun tó máa ń gbó ni ohun tí ìwé sọ nípa ìwà àwọn tí a ń bá ta. Nígbà tí Doyle Brunson, tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbà náà ní 1976 àti 1977, gbé Super/System jáde ní 1979, ọgbọ́n kí a máa kọlu àwọn tó wà lórí tábìlì léraléra dára nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ni yóò ju káàdì sílẹ̀. Ẹni tó bá ń bá àwọn tí kì í sá ta lónìí, tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìwojú ẹni, ń pín owó rẹ̀ ni. Bákan náà ni The Theory of Poker tí David Sklansky gbé jáde ní 1987: púpọ̀ nínú àpẹẹrẹ rẹ̀ wá láti inú eré Limit àti àwọn irú poker tí ẹ lè má jókòó tì láéláé, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ èrò rẹ̀, pé ìgbàkigbà tí ẹ bá ta yàtọ̀ sí bí ẹ ò bá ṣe ta ká ní ẹ rí káàdì ẹni tí ẹ ń bá ta ni onítọ̀hún ń jèrè, ṣì jẹ́ òótọ́. Ẹ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún bí ó ṣe ń ronú, kí ẹ má sì wá àkọsílẹ̀ káàdì tí ẹ ó máa ta níbẹ̀.

Lódìkejì, ìwé tuntun ní ewu tirẹ̀. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà kéde pé kọ̀ǹpútà àwọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú Hold'em irú ti Limit láàárín ènìyàn méjì tán. Ní 2019, ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Pluribus borí àwọn ògbógi nínú No-Limit lórí tábìlì ènìyàn mẹ́fà. Láti ìgbà yẹn, ìwé púpọ̀ ló kún fún àtẹ tí kọ̀ǹpútà ṣírò, tí yóò sọ fún yín pé kí ẹ tẹ̀lé owó náà, ìyẹn kí ẹ san iye tí ẹni tí ẹ ń bá ta fi sílẹ̀, ní ìgbà 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ sì ju káàdì sílẹ̀ ní ìgbà 40. Àtẹ náà lè péye, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń bá ọ̀tayò tí kì í ṣàṣìṣe ta ni a ṣe é. Lójú tèmi, ẹni tí kò tíì mọ ìdí tí a fi ń ju káàdì sílẹ̀ kò nílò láti mọ ìgbà mélòó nínú ọgọ́rùn-ún tí yóò jù ú.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ra ìwé nígbà mìíràn, ẹ má fi ti ẹ̀yìn ìwé ṣe, níbi tí wọ́n máa ń ka iye owó tí òǹkọ̀wé ti jẹ. Ẹ ṣí i sí àárín, kí ẹ ka àpẹẹrẹ kan. Ṣé ó sọ iye tó wà níwájú oníkálukú, ibi tí oníkálukú jókòó sí, ẹni tó kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀ àti iye tó ti wà láàárín tábìlì? Bí kò bá sọ ọ́, ìtàn ni òǹkọ̀wé ń pa fún yín. Ẹ tún wò ó bóyá gbogbo àpẹẹrẹ rẹ̀ ló parí sí pé òun jẹ, nítorí ìpinnu tó tọ́ máa ń pàdánù lọ́pọ̀ ìgbà nínú eré yìí, ìwé tó bá sì fi ìyẹn pamọ́ kò lè kọ́ yín ní ohun tó wúlò.

Ó wá kan kíkà. Ìdí tí ìwé méjì tí ẹ parí kò fi ràn yín lọ́wọ́, bí mo ṣe rò ó, ni pé ẹ kà wọ́n bí ẹni ka ìwé ìròyìn: ojú ń lọ, orí ń mì, ó sì dà bíi pé gbogbo rẹ̀ yé yín. Ẹ fi bébà bo ìdáhùn òǹkọ̀wé mọ́lẹ̀. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí ẹ tó ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan wò. Ẹyọ 100 wà láàárín, flop, ìyẹn káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí gbogbo ènìyàn jọ ń lò, ti jáde, káàdì méjì tiyín àti méjì nínú wọn jẹ́ alámì kan náà, ẹ ń wá ìkarùn-ún. Ẹni tí ẹ ń bá ta fi ẹyọ 50 sílẹ̀. Ìwé ní kí ẹ tẹ̀lé e. Kí ló dé? Ẹ ó san 50 kí àpapọ̀ lè di 200, nítorí náà ó yẹ kí ẹ máa jẹ ní ó kéré tán ìgbà 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Káàdì 47 ni ẹ kò tíì rí, mẹ́sàn-án nínú wọn ni ẹ ń wá: fún káàdì kan tó ń bọ̀, ìyẹn jẹ́ bíi 19 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì tó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé gbogbo owó ẹni náà ti wọlé, tí ẹ ó rí turn àti river, ìyẹn káàdì kẹrin àti ìkarùn-ún lórí tábìlì, fún 50 yẹn náà, ó di bíi 35 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ti ju bó ṣe yẹ lọ. Bí owó bá ṣì kù níwájú ẹ̀yin méjèèjì ńkọ́? Ẹ ó pàdánù 50 nígbà 38, ẹ ó sì rí ohun tí ẹ ń wá nígbà mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí i pé nígbàkigbà tí káàdì yín bá jáde, ẹ gbọ́dọ̀ tún gba nǹkan bí ẹyọ 61 lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó dọ́gba. Ẹni tó kọ́ "tẹ̀lé e" sórí ti kọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó ṣe ìṣirò yìí mọ ìgbà tí òun kò gbọdọ̀ tẹ̀lé e.

Ohun kejì tí mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ni kí ó da káàdì gidi sílẹ̀ lórí tábìlì bí ó ti ń kàwé. Ká ní flop jẹ́ A, 7 àti 2, ẹ sì di A àti 7 mú. Wọ́n fi owó ńlá sílẹ̀, àyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já yín pé bóyá ẹni náà ní mẹ́ta irú kan náà. Ẹ kó A mẹ́rin, K mẹ́rin, Q mẹ́rin, 7 mẹ́rin àti 2 mẹ́rin síta, kí ẹ yọ àwọn tí ẹ ti rí kúrò, kí ẹ máa so ìyókù ní méjì-méjì. A méjì ló ṣẹ́ kù, nítorí náà ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó lè gbà ní A méjì. 7 méjì ló kù, ọ̀nà kan. 2 mẹ́ta ló kù, ọ̀nà mẹ́ta. Àpapọ̀ ohun tó ń dẹ́rù bà yín jẹ́ márùn-ún. Ẹ wá ka A pẹ̀lú K: méjì ní ọ̀nà mẹ́rin, mẹ́jọ. A pẹ̀lú Q náà, mẹ́jọ. Mẹ́rìndínlógún ni ẹ ti borí, kí a tó ka ẹni tó kàn ń dẹ́rù bà yín lásán. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín ka èyí, yóò gbà yín tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ó máa kà á lórí tábìlì kí ẹni náà tó mú ọwọ́ kúrò lórí owó rẹ̀.

Orí kan ṣoṣo ni kí ẹ máa mú lọ sí ìdí tábìlì. Bí ó bá jẹ́ orí tó sọ nípa ipò ìjókòó ni ẹ ń kà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì ta pẹ̀lú ìyẹn lọ́kàn, kí ẹ kọ káàdì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó rú yín lójú sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì gbé wọn padà wá sí iwájú ìwé. Ẹ má fi owó tó wọlé tàbí tó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà dá ìwé lẹ́jọ́, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì kéré jù kí oríire àti ọgbọ́n tó yà kúrò lára ara wọn. Ohun tí ẹ ó wò ni bóyá ẹ lè sọ ìdí ìpinnu yín láìkólòlò. Owó tí ẹ ó sì fi ṣe gbogbo èyí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè tán láìsí ohun tó máa bàjẹ́ nílé, nítorí tẹ́tẹ́ ṣì ni poker, kò sí ìwé tó yí ìyẹn padà.

Nínú mẹ́rin tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ mú èyí tí àpẹẹrẹ rẹ̀ bá jọ tábìlì yín jù, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí ẹ ti parí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní pẹ̀lú pẹ́ńsù, bébà ìbòjú àti káàdì nílẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ ti ìdíje, ẹ gbé e sórí pẹpẹ títí di ọjọ́ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ fún ọ̀kan.