Nọ́ọ̀tì Wo Ló Bá Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Àtijọ́ Mu?

Ìbéèrè: Mo ní Dodge Coronet ọdún 1966. Mo yọ rímù irin rẹ̀, mo fẹ́ fi ti alumíníọ́mù sí i. Nọ́ọ̀tì tuntun tí mo rà wọ apá ọ̀tún wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò wọ apá òsì. Ṣé kí n fi agbára dè é ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi agbára dè é o. Ọkọ̀ yín kò bàjẹ́. Títí di nǹkan bí ọdún 1970 ni Chrysler, tó ń ṣe Dodge, fi ń fi bóòtì olójú òdì sí apá òsì. Òdìkejì ibi tí ẹ ń yí ti ọ̀tún sí ni ẹ ó yí tibẹ̀ sí kó tó le. Ẹ nu ìpẹtà orí bóòtì náà kúrò, ẹ lè rí lẹ́tà L níbẹ̀. Oríṣi nọ́ọ̀tì méjì ni ẹ ó rà nìyẹn. Mo ti rí ẹni tó fi páìpù gígùn ti sípánà, tó rò pé òun ń tú nọ́ọ̀tì, àṣé ńṣe ló ń dè é sí i, títí bóòtì fi kán.

Rímù yín gan-an ló ń kọ mí lóminú. Pé nọ́ọ̀tì wọ bóòtì kò ní kó bá rímù mu, nítorí ìdí nọ́ọ̀tì ló ń tẹ rímù mọ́lẹ̀. Ìdí àwọn kan rí ṣóńṣó bí àrọ. Tàwọn kan rí roboto bí ìdajì bọ́ọ̀lù, bíi ti bóòtì Volkswagen Ìjàpá. Àwọn mìíràn ní ọrùn gbọọrọ, wọ́n sì ń jókòó lórí wáṣà pẹlẹbẹ. Ọ̀pọ̀ rímù alumíníọ́mù ìgbà náà, ti ọlọ́rùn gbọọrọ yìí ló ń lò.

Ẹ fi ìtọ́tè pupa kun ìdí nọ́ọ̀tì kan, ẹ dè é díẹ̀, kí ẹ sì tú u. Bí àmì pupa inú ihò rímù bá fẹ̀, tó sì yí ká, ó jókòó dáadáa. Bó bá tín-ín-rín bí òwú, ẹ dá nọ́ọ̀tì náà padà fẹ́ni tó tà á.

Rímù alumíníọ́mù máa ń nípọn, nítorí náà ẹ ka iye ìgbà tí nọ́ọ̀tì yí kó tó le. Bóòtì yín jẹ́ ìdajì ínṣì, tíréèdì (ìlà tó yí ara bóòtì ká) 20 ló wà nínú ínṣì kan, kò gbọdọ̀ dín ní ìgbà 10. Bí nọ́ọ̀tì bá ní ìdérí, ẹ rí i pé orí bóòtì kò kan ìdérí náà kí rímù tó le.

Ẹ má fi ọ́ìlì sí tíréèdì. Lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 80 sí 160, ẹ tún gbogbo wọn dè.