Ìràwọ̀ inú Libra tó ń jẹ́ ẹ̀mú àkeekèé

Ìbéèrè: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Áàpù tí mo fi ń wo ìràwọ̀ lórí fóònù mi kọ Zubeneschamali sára ìràwọ̀ kan, ó ní ẹ̀mú àríwá ló túmọ̀ sí, àmọ́ inú àgbájọ ìràwọ̀ tó ń jẹ́ Libra ló wà, bẹ́ẹ̀ òṣùwọ̀n ni Libra. Ṣé áàpù yìí ò máa parọ́ fún mi báyìí, àbí kí n dìlíìtì ẹ̀?

Ìdáhùn: Má dìlíìtì ẹ̀ o, àbúrò mi, òótọ́ ló sọ. Ẹ̀mú àkeekèé ni ìràwọ̀ yẹn nígbà kan, Scorpius tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Libra ni àkeekèé ọ̀hún. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ò ya méjèèjì sọ́tọ̀, àkeekèé ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n rí, ẹ̀mú ẹ̀ wá nà jáde síwájú, Chelai, ìyẹn àwọn ẹ̀mú, ni wọ́n ń pe ibi tá à ń pè ní Libra lónìí. Ptolemy, onímọ̀ ìràwọ̀ tó gbé ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 150 lẹ́yìn ìbí Jésù ṣì lo orúkọ yẹn, nígbà tí àwọn Lárúbáwá sì túmọ̀ ìwé ẹ̀, ẹ̀mú náà ni wọ́n kọ, ibẹ̀ ni Zubeneschamali àti Zubenelgenubi, ẹ̀mú gúúsù, ti wá.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni Babiloni, torí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé Róòmù ló dá òṣùwọ̀n yẹn sílẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. MUL.APIN, àkójọ ìràwọ̀ tí wọ́n kọ sórí wàláà amọ̀, tí wọ́n ti kó jọ ní nǹkan bí ọdún 1000 ṣáájú ìbí Jésù, pe ibẹ̀ ní Zibanitu, òṣùwọ̀n, ó sì fi kún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ìwo Àkeekèé ni. Ṣé o rí i, orúkọ méjèèjì ti wà pa pọ̀ látìgbà yẹn! Gíríìkì mú ti àkeekèé, Róòmù mú ti òṣùwọ̀n, torí ìgbà tí oòrùn ń wọ ibẹ̀ nígbà ayé wọn ni ọ̀sán àti òru máa ń gùn dọ́gba. Ní Ṣáínà ní tiwọn, ara dírágónì ni gbogbo ẹ̀. Ọdún 1930 ni International Astronomical Union, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fa ààlà tá à ń lò báyìí láàárín àwọn àgbájọ ìràwọ̀.

Tó o bá fẹ́ fojú ara ẹ rí i ní Nàìjíríà, dúró síta ní bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ nínú oṣù July, tí òjò bá gbà ọ́ láyè, kọjú sí gúúsù, wá Antares, ìràwọ̀ inú Scorpius tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kó o wá máa gbójú lọ sókè lápá ọ̀tún, wàá kọjá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò bí orí àkeekèé kó o tó kan àwọn ẹ̀mú méjèèjì, èyí tó ga jù níbẹ̀ ni Zubeneschamali.