Kóòdù tí Màmá kà fún wọn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìyá mi ti pé 71, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, bí wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé báyìí lẹnì kan pè wọ́n, ó dárúkọ ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní wọ́n fẹ́ ṣèpàdé lórí Zoom, pé kóòdù kan máa wọlé, kí wọ́n kà á fún òun. Wọ́n kà á. Kílẹ̀ tó ṣú, WhatsApp wọn ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, olè ti ń fi orúkọ wọn yá owó kiri, ọ̀rẹ́ wọn kan sì ti fi ₦50,000 ránṣẹ́. Ní báyìí wọn ò jẹun dáadáa, wọ́n ní ká wá gba fóònù lọ́wọ́ àwọn. Ṣé ká gbà á ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Ó ṣẹlẹ̀ sí bàbá mi náà, èmi ni mo sì pariwo lé wọn lórí, mo ṣì ń kábàámọ̀ ẹ̀ dòní, wọ́n kàn ń fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù yẹn ni, wọn ò dá mi lóhùn. Àgbà tójú bá ti tì báyẹn, tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, inú ni wọ́n máa gbé e sí, kẹ́ ẹ tó gbọ́, owó ti lọ.

WhatsApp ló fi kóòdù onínọ́ńbà 6 yẹn ránṣẹ́, torí olè ti tẹ nọ́ńbà Màmá sórí fóònù tiẹ̀, kóòdù yẹn nìkan ló kù tó fi máa wọlé. Ẹ tún nọ́ńbà wọn tẹ̀ sínú WhatsApp lórí fóònù wọn lónìí, kóòdù tuntun á wá, bẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, olè á já bọ́. Bó bá ń béèrè PIN tẹ́ ẹ ò mọ̀, olè ló fi síbẹ̀, ẹ máa dúró fún ọjọ́ 7, àmọ́ òun náà ti wà níta nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá wá wọlé tán, ẹ lọ sí Settings, Account, Two-step verification, kí Màmá fúnra wọn mú PIN tí wọ́n á rántí.

Ọ̀rẹ́ wọn yẹn, bí kò bá tíì pe báǹkì tiẹ̀, kó pè wọ́n kíá, kó ní gbájúẹ̀ ló gbowó òun, kí wọ́n bá báǹkì tí owó náà wọ̀ sọ̀rọ̀ bóyá wọ́n ṣì lè dá a dúró.

Nílé tiwa, ẹni tó bá tọrọ owó lórí WhatsApp, a máa pè é ká gbóhùn ẹ̀, bàbá mi á tún bi í lórúkọ ajá tá a sìn nígbà tá a wà lọ́mọdé. Lóṣù tó kọjá ẹnì kan pè wọ́n pé báǹkì lòun ti ń pè, òun fẹ́ gba PIN káàdì wọn, wọ́n pa fóònù mọ́ ọn lójú, wọ́n wá pè mí, inú mi dùn débi tí mo fẹ́ẹ̀ sunkún.

Ẹ jókòó ti Màmá lálẹ́ òní, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn pe ọ̀rẹ́ wọn yẹn.