Apá ọ̀tún méjì

Àbúrò mi tó béèrè pé báwo lèèyàn ṣe ń ráyè dá jókòó, tó ní ọmọ mẹ́ta, iṣẹ́ tíṣà àti ọjà aṣọ wà lọ́rùn òun, bóun bá sì dákẹ́ díẹ̀, ọkọ òun á ní òun ń bínú: mo kà á, ẹ̀rín pa mí. Kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́ o. Èmi náà nìyẹn ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Aránṣọ ni mí, Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìparí ọdún ni, mo ti gba aṣọ ẹbí tó ju agbára mi lọ. Mo máa ń ránṣọ di aago méjì òru, bí mo bá sì ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, WhatsApp ni. Lóru ọjọ́ kan, mo gé léèsì ìyá ìyàwó, ìgbéyàwó ku ọ̀la. Ìgbà tí mo so apá mọ́ búláòsì tán, mo gbé e sábẹ́ iná, mo wò ó, mo tún un wò. Apá ọ̀tún méjì ni mo gé. Léèsì yẹn ò sì sí lọ́jà mọ́. Ohun tí mo fojú rí lọ́wọ́ ìyá yẹn, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó wo ẹ̀rọ, ó ní, “Ẹ jókòó ná, mà.” 180 lókè, 110 nísàlẹ̀. Ẹni ogójì ọdún ni mí nígbà yẹn.

Wọ́n ní kí n máa sinmi. Ta ni ò mọ̀ ọ́n sọ? Mo rò pé ariwo àdúgbò ni, mo bá gba Igbó Ọ̀ṣun lọ, kì í ṣe àsìkò ọdún Ọ̀ṣun lóṣù Kẹjọ tí ẹsẹ̀ kì í gbèrò. Mùsùlùmí ni mí, igi ni mo lọ wò. Ibẹ̀ tutù lóòótọ́, omi ń ṣàn, ọ̀bọ ń fò kiri. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò tíì pé, oníbàárà pè: “Àlàájà, aṣọ mi ńkọ́?” Mo dúró létí odò Ọ̀ṣun, mò ń parọ́ pé sípù ni mò ń rán mọ́ ọn lọ́wọ́ báyìí!

Bí mo ṣe ń jáde ni mo wo ògiri tí Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó obìnrin tó ń jẹ́ Susanne Wenger, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà mọ síbẹ̀. Hẹ́kítà 75 ni igbó yẹn, àjọ UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé láti 2005. Ṣùgbọ́n kí obìnrin yẹn tó dìde sí i, wọ́n ti ń gé igi ibẹ̀, wọ́n ti ń dáko wọ̀ ọ́. Mo ní, èmi náà, ògiri tèmi dà?

Ẹní ìrun ni mo fi ṣe ògiri. Lẹ́yìn Àsùbáà, n kì í dìde mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́ kedere. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ mi, fóònù wà nínú ìkòkò òfìfo ní ilé ìdáná. Bó o bá dá jókòó sórí àga lásán, wọ́n á ní ta ló ṣẹ̀ ọ́. Bó o bá wà lórí ẹní, ńṣe ni wọ́n á yọ́ kẹ́lẹ́ kọjá. Kí Ọlọ́run forí jì mí, ọjọ́ púpọ̀ wà tí n kì í ṣe àsìkírì, ìyẹn ìrántí Ọlọ́run, kankan. Mo kàn ń gbọ́ àkùkọ, àti ìgbálẹ̀ ará ilé kejì tó ń ha ilẹ̀. Bó o bá jẹ́ Kristẹni, sọ pé àdúrà lò ń gbà. Irọ́ kọ́ pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á le o, n ò ní tàn ẹ́. Ohun tó o ti ń fi iṣẹ́ bò mọ́lẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yọjú. Tèmi, ìyá mi ni. Nígbà tí wọ́n kú, èmi ni mo rán aṣọ òkú wọn fún gbogbo ẹbí, n ò ráyè sunkún. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi sunkún lórí ẹní. Lọ́jọ́ karùn-ún, oorun gbé mi lọ.

Mo ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. N kì í gba ju aṣọ mẹ́jọ lọ lọ́sẹ̀ mọ́. Owó dín kù, àwọn oníbàárà kan sì bínú lọ. Ìwọ fi ogún ìṣẹ́jú bẹ̀rẹ̀ ná. Ní ti ọkọ ẹ, alẹ́ ni kó o ti sọ fún un, má dúró di àárọ̀. Tèmi náà rojú níbẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, òun ló ń gbé fóònù mi pa mọ́, òun náà ló sì ń bá mi parọ́ fáwọn oníbàárà pé mo ti jáde.